Ọ̀nà Mẹ́jọ Láti Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Bí Agbára Ṣe Ń Rìn Nínú Ẹ̀wọ̀n Oúnjẹ: Èwo Ló Bá Kíláàsì Yín Mu?

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ nípa ẹ̀wọ̀n oúnjẹ rí pé kí ló ń jẹ kí ni, kíá ni yóò kà á fún yín: tata ń jẹ koríko, ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ tata, ejò ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, àṣá ń jẹ ejò. Ẹ wá bi í pé kí ló dé tí àṣá ò fi pọ̀ tó tata. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di wò-mí-n-wò-ọ́. Àwọn kan á ní torí pé àṣá tóbi ni. Àwọn kan á ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa sọ pé kí agbára tó dé ọ̀dọ̀ àṣá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti di ooru lójú ọ̀nà.

Mímọ ẹni tó ń jẹ ẹni yàtọ̀ sí mímọ bí agbára ṣe ń rìn. Ọ̀nà ìkọ́ni tó wà nílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí pọ̀, àmọ́ ti àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kọ́ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ti ìkejì ni wọ́n ń jẹ́. Olùkọ́ tó bá mú ọ̀kan torí pé àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ lè fi ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí ohun tó yẹ kó yé wọn má sì yé wọn.

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni pé àṣìlóye wo ni ọ̀nà yìí ń wò sàn. Mẹ́rin ló sábà máa ń wà nílẹ̀.

Èkínní ni ti ọfà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fà á láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹun sí ara oúnjẹ, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí agbára ń lọ ló yẹ kó kọjú sí: láti ara koríko lọ sára tata. Èkejì ni ti ìdínkù. Wọ́n rò pé gbogbo ohun tí tata jẹ pátá ló ń dé inú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n gbà pé agbára ń yípo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Káábọ́nì, naitirójìn àti omi ló ń yípo. Ní ti agbára, inú oòrùn ló ti ń wá, ó ń gba ara ẹ̀dá kan bọ́ sára òmíràn, ó sì ń jáde lọ bí ooru tí ewéko kankan kò lè tún fi ṣe oúnjẹ. Ẹ̀kẹrin, wọ́n máa ń gbàgbé olú àti bakitéríà, àwọn tó ń jẹ òkú, ìgbẹ́ àti ewé tó já bọ́. Àwòrán inú ìwé náà máa ń gbàgbé wọn, tàbí kó fi wọ́n sí igun kan bí ẹni tó pẹ́ dé òde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó máa ń wo ìnáwó, àkókò tó máa gbà (torí olówó iyebíye ni wákàtí ẹ̀kọ́), bóyá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣe é, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà, àti ọjọ́-orí wọn.

1. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti ọfà

Kò sí ohun tó rọrùn tó o, kò sì sí ohun tí kò náni lówó tó o. Gbogbo olùkọ́ ló mọ̀ ọ́n, kì í kùnà, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ lè wò ó.

Àbùkù rẹ̀ ni pé bó ṣe wà yẹn, àṣìlóye ọfà nìkan ló lè wò sàn, ìyẹn tí olùkọ́ bá dúró lé e. Ọmọ tó bá ń sọ ọ́ lọ́kàn pé "àṣá ń jẹ ejò" máa bẹ̀rẹ̀ ọfà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àṣá, torí àṣá ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ "agbára lọ sọ́dọ̀" sórí ọfà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹranko tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn bíi mẹ́ta mẹ́rin, ọwọ́ wọn á ti mọ ọ̀nà.

Ohun kékeré méjì wà tó lè gbé ọ̀nà yìí ga ju bí ó ṣe máa ń rí lọ. Ẹ jẹ́ kí ọfà máa tín-ín-rín sí i bí ó ṣe ń gòkè: ti koríko sí tata nípọn bí ọwọ́, ti ejò sí àṣá tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọfà mìíràn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ "ooru" sí i, kí ó jáde kúrò nínú àwòrán pátápátá, kó má padà síbi kankan. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀. Ó ṣe mí ní kàyéfì bí ìwé ṣe pọ̀ tó tí kò ṣe é.

2. Eré okùn

Ẹ mọ̀ ọ́n: akẹ́kọ̀ọ́ dúró yíká, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ ẹ̀dá kan kọ́rùn, wọ́n ń ju okùn síra wọn títí tó fi di àwọ̀n. Ẹnì kan á wá fa tirẹ̀, gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lára á jókòó. Ó dùn, ariwo rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Àmọ́ kò sí agbára níbẹ̀. Okùn tó wà lọ́wọ́ koríko àti èyí tó wà lọ́wọ́ àṣá, ìkan náà ni. Kò dín kù, kò kọjú síbì kankan, kò sì sí ooru. Ohun tí ó kọ́ni, tó sì kọ́ni dáadáa, ni pé ẹ̀dá so mọ́ra, pé tí ẹ bá yọ ọ̀kan, ó máa kan àwọn tí ẹ kò rò. Tí ìyẹn bá ni ẹ̀kọ́ yín, ẹ mú un. Tí agbára bá ni ẹ̀kọ́ yín, ẹ fi í ṣe ìmóríyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Tí ẹ bá ju ogún ènìyàn lọ, okùn á lọ́, ẹ̀yin náà á sì máa tú u títí aago fi máa lù.

3. Omi àti ife

Tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí ni màá mú.

Ohun èlò rẹ̀ ò ju ìgò omi lítà 1, ife márùn-ún, síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, àti abọ́ ńlá méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún á tò: koríko, tata, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àṣá. Koríko gba lítà 1, ìyẹn mìlílítà 1,000. Ó bu 100 fún tata. Tata bu 10 fún ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ fi síríńjì fa 1 fún ejò. Ó wá kan ejò láti fún àṣá ní tirẹ̀: mìlílítà 0.1, ẹ̀kán omi bíi méjì péré. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe àṣá dojú ife rẹ̀ kọlẹ̀ kí gbogbo kíláàsì rí i. Omi náà kì í sábà já bọ́ rárá. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ife ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ló dé tí àṣá ò fi pọ̀ tó tata? Ẹni tí kò lè dáhùn tẹ́lẹ̀ á na ọwọ́ sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni omi tó ṣẹ́kù. Mìlílítà 900 tí tata kò rí gbà, níbo ló lọ? Bí ẹ bá dà á sínú abọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní "ó ti ṣòfò", ẹ ti gbin àṣìlóye tuntun. Ìdí nìyí tí mo fi ní abọ́ méjì. Ẹ kọ "ooru" sára ọ̀kan: ibẹ̀ ni agbára tí ẹ̀dá fi mí, tó fi rìn, tó fi tún ara rẹ̀ ṣe ń lọ. Ẹ kọ "olú àti bakitéríà" sára èkejì: ibẹ̀ ni ewé tí ẹnikẹ́ni kò jẹ, ìgbẹ́, àti ara ẹ̀dá tó kú ń lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá bu omi fún ẹni tó kàn, kó pín èyí tó kù sínú abọ́ méjèèjì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ bi wọ́n pé ṣé olú kì í mí ni. Ó ń mí. Torí náà, ẹ máa da abọ́ olú sínú abọ́ ooru díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Gbogbo lítà 1 náà, àfi ìwọ̀nba tó ṣì wà nínú ara ẹ̀dá alààyè, ló parí sínú ooru. Ẹ ti wo àṣìlóye kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin sàn pẹ̀lú omi lásán.

Ó ní àbùkù méjì. Omi inú abọ́ ooru ṣeé bù padà, ooru tòótọ́ kò ṣeé bù padà, nítorí náà ẹ gbé abọ́ náà jáde kúrò ní kíláàsì lójú wọn. Èkejì, ìdá 1 nínú 10 tí a ń lò yìí kì í ṣe òfin. Ìṣirò ìrọ̀rùn ni. Nínú ayé gan-an, ohun tó ń kọjá láti ìpele kan nínú ẹ̀wọ̀n oúnjẹ sí èkejì sábà máa ń wà láàárín ìdá 5 sí 20 nínú 100. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ọjọ́ náà gan-an, torí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá gbọ́ ọ máa dàgbà pẹ̀lú èrò pé ẹ̀dá gbogbo ní ẹ̀rọ ìṣirò nínú ikùn.

Tí ẹ bá fẹ́ fi oòrùn kún un, ẹ rántí pé nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá ewéko ló ń di oúnjẹ. Bí lítà 1 bá jẹ́ ti koríko, lítà 100 ni ti oòrùn. Kò sí ẹni tó máa gbé ìyẹn wọ kíláàsì. Kí wọ́n kàn fojú inú wò ó tó.

4. Ìṣirò gidi lórí pépà gígùn

Èyí ni ọ̀nà tí mo rò pé àwọn olùkọ́ sá fún jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ìkejì omi nínú àṣàyàn mi. Howard T. Odum, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀dá àti àyíká wọn, tẹ ìwádìí rẹ̀ nípa Silver Springs, orísun omi ńlá kan ní Florida ní Amẹ́ríkà, jáde ní 1957. Ó ṣírò iye agbára tó ń wọ ìpele kọ̀ọ̀kan ní kílókálórì (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára inú oúnjẹ), lórí ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1 ní ìbú àti òró, láàárín ọdún kan. Àwọn ewéko inú omi náà fi 20,810 ṣe oúnjẹ. Àwọn ajẹko gba 3,368. Àwọn ajẹran àkọ́kọ́ gba 383. Àwọn ajẹran tó wà lókè pátápátá gba 21. Àwọn tó ń jẹ òkú àti ìdọ̀tí gba 5,060.

Ẹ má kọ nọ́ńbà yìí sórí pátákó kí ẹ sì lọ. Ẹ ní kí wọ́n gé pépà, kí mìlímítà 1 dúró fún kílókálórì 20. Pépà ewéko á gùn ju mítà 1 lọ díẹ̀. Ti ajẹko á tó sẹ̀ǹtímítà 17. Ti ajẹran àkọ́kọ́ kò tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ti ẹni tó wà lókè pátápátá jẹ́ mìlímítà 1, ègé tóóró tí sáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gé. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ti oòrùn: kílókálórì 1,700,000 ló bọ́ sórí omi náà lọ́dún, èyí tó jẹ́ mítà 85 lórí ìwọ̀n yín. Ẹ mú okùn, kí ẹ jáde lọ wọ̀n ọ́n lórí pápá.

Àǹfààní tí ọ̀nà yìí ní tí omi kò ní ni pé nọ́ńbà rẹ̀ kò dọ́gba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò ọ́ fúnra wọn: láti ewéko sí ajẹko, ìdá 16 nínú 100. Láti ajẹko sí ajẹran, bíi 11. Láti ibẹ̀ sókè, kò tó 6. Òfin ìdá 10 nínú 100 ti fọ́ lójú wọn. Kí wọ́n tún wo pépà àwọn tó ń jẹ òkú: sẹ̀ǹtímítà 25, ó gùn ju ti ajẹko lọ! Àwọn tí àwòrán inú ìwé fi sí igun ló ń jẹ jù lẹ́yìn ewéko.

Ìnáwó rẹ̀ kò ju pépà, gọ́ọ̀mù, rúlà àti sáàsì. Kì í kùnà. Ó yẹ fún ẹni tó lè pín nọ́ńbà, ìyẹn nǹkan bí ọmọ ọdún 12 sókè. Ẹni tí ìṣirò bá ń dẹ́rù bà á máa nílò ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè fi ìtàn kékeré kan sí i. Odum kọ́ ló kọ́kọ́ wo ẹ̀dá báyìí. Raymond Lindeman ti ṣe irú ìṣirò yìí lórí adágún kékeré kan, Cedar Bog Lake ní Minnesota. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ìgbà tó sì fi jáde ní 1942, ó ti kú, kò tíì pé ọmọ ọdún 27. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dàgbà díẹ̀ máa ń dákẹ́ gbọ́ èyí ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nọ́ńbà lọ.

5. Jíjáde lọ wo ẹ̀dá

Ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 ní ìbú àti òró, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀: ewéko, kòkòrò tó ń jẹ ewé, aláǹtakùn, èèrà. Kí wọ́n yí òkúta, kí wọ́n ṣí ewé gbígbẹ, kí wọ́n wo òwú funfun tí olú ta sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó ń fi àwọn ajẹ̀kù han ojú báyìí.

Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ni ìṣòro. Lọ́jọ́ kan, ẹ lè rí ohun gbogbo. Lọ́jọ́ kejì, kí òjò ti rọ̀, kí kòkòrò ti wọlé lọ. Iye ẹ̀dá sì yàtọ̀ sí iye agbára. Igi 1 lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi iye kọ pírámídì (àwòrán onípele tí ewéko wà nísàlẹ̀, tí ajẹran wà lókè) á rí i pé orí rẹ̀ ló dojú kọlẹ̀. Ìwúwo pàápàá ń tanni: nínú omi òkun, ewéko tóótòòtó tó ń léfòó lè fúyẹ́ ju ẹran tó ń jẹ ẹ́ lọ, torí bó ṣe ń hù kíákíá náà ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Pírámídì agbára nìkan ni kì í dojú kọlẹ̀ láé. Tí ẹ bá ti kọ́ wọn ní ọ̀nà kẹta tàbí ìkẹrin tẹ́lẹ̀, ìdààmú yìí á di ẹ̀kọ́ ńlá. Tí ẹ kò bá tíì kọ́ wọn, ìdààmú lásán ni yóò jẹ́.

6. Kòkòrò lórí òṣùwọ̀n

Ẹ kó àwọn ọmọ labalábá tó ń jẹ ewé, ẹ fi wọ́n sínú àpótí pẹ̀lú ewé igi tí ẹ bá wọn lórí rẹ̀ gan-an, torí púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ ti igi mìíràn. Ẹ wọn ewé kí ẹ tó fún wọn, ẹ wọn àwọn kòkòrò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọn ewé tó kù, ìgbẹ́ wọn (hóró dúdú kékeré bí irúgbìn), àti àwọn kòkòrò náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò: ohun tí wọ́n jẹ, yọ ìgbẹ́ kúrò, yọ ohun tí wọ́n fi sanra kúrò. Èyí tó kù dà? Ó ti di káábọ́nì dáyọ́sáìdì àti omi, agbára inú rẹ̀ ti di ooru.

Òun ni ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí ìdínkù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nọ́ńbà fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Òun náà ló sì tètè ń bàjẹ́ jù. Ewé tútù máa ń pàdánù omi fúnra rẹ̀, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní àpótí kejì tó ní ewé ṣùgbọ́n tí kò ní kòkòrò, kí ẹ lè mọ iye tí gbígbẹ nìkan mú lọ. Òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù odidi kò lè rí ohun tí kòkòrò kan fi sanra. Ẹ nílò èyí tó ń ka ìdá 1 nínú 100 gíráàmù, tàbí kí ẹ wọn kòkòrò púpọ̀ pọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan onírun, torí irun àwọn kan máa ń ta ènìyàn.

Ẹ tún múra sílẹ̀: èsì yín lè ju ìdá 10 nínú 100 lọ dáadáa. Kì í ṣe àṣìṣe. Kòkòrò kì í fi oúnjẹ mú ara rẹ̀ gbóná, torí náà ó ń fi ìpín tó pọ̀ dàgbà. Ẹyẹ àti ẹran tó ń fọ́mọ lọ́yàn ni wọ́n ń sun oúnjẹ wọn fún ooru ara, tó fi jẹ́ pé bíi ìdá 1 sí 3 nínú 100 ohun tí wọ́n dà nínú ni wọ́n ń fi sanra.

7. Ìgò tí a dé pa

Omi, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ewéko inú omi, ìgbín omi kékeré kan tàbí méjì nínú ìgò dígí tí a dé pinpin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò ti ń ta sí i tààrà. Fún àṣìlóye ẹ̀kẹta, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀: ohunkóhun kò wọlé, ohunkóhun kò jáde, àfi ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé àti ooru tó ń jáde. Ẹ gbé ìgò kejì tí ó ní ewéko nìkan sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Yàtọ̀ sí ìgbín, ohun èlò kan náà ni, àmọ́ láìsí oòrùn, ó máa jẹrà.

Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìgò míì á sì rùn láìnídìí tí ẹ lè tọ́ka sí. Ẹ má fi ẹja sí i. Kò fi ìdínkù láàárín ìpele hàn rárá.

8. Kọ̀ǹpútà

NetLogo, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Uri Wilensky ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ lè lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòṣe ìkookò àti àgùntàn wà nínú rẹ̀, níbi tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ti ní agbára tí a fi nọ́ńbà kà: gbogbo ìṣísẹ̀ ń mú díẹ̀ kúrò, oúnjẹ ń dá díẹ̀ padà, ẹni tí tirẹ̀ bá tán ti kú. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, àgùntàn ń rí 4 nínú koríko kan, ìkookò ń rí 20 nínú àgùntàn kan. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yí nọ́ńbà yìí fúnra wọn, kí wọ́n sì wò ó.

Ìgbà tí ẹ bá pa koríko rẹ́ kúrò nínú ìṣirò ló dára jù láti wò, torí àgùntàn á máa wà láìnílò oúnjẹ. Nǹkan kì í dúró: iye wọn á máa lọ sókè sódò títí tí ìkookò fi máa kú tán tí àgùntàn á sì kún ojú àwòrán, tàbí kí méjèèjì parun. Ẹ dá koríko padà, ohun gbogbo á sábà rọlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí i pé ibi tí agbára ti ń wọlé ló ń dá gbogbo èyí tó wà lókè dúró. Fún àwọn ọmọ ọdún 14 sókè, ó wúlò gan-an.

Àmọ́ iye ẹranko ló ń hàn lójú, agbára wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wá á rò pé eré orí kọ̀ǹpútà ni. Ìnáwó rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà àti iná. Ẹyọ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri lè tó gbogbo kíláàsì, bí olùkọ́ bá jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnì.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10: ẹ fi omi kọ́ wọn, kí ẹ jáde lọ wo ewé gbígbẹ ní ọjọ́ kejì. Ẹ má sọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kán omi ìdí ife ti sọ ọ́.

Láàárín ọdún 11 sí 14, omi lákọ̀ọ́kọ́, pépà Silver Springs lẹ́yìn rẹ̀, kí ọfà orí pátákó sì kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní ìdàkejì, ẹ máa rí i pé àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa ní kí ọfà máa tín-ín-rín.

Ẹni tó ní kíláàsì kékeré, òṣùwọ̀n tó dára àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́, kó lọ sídìí kòkòrò. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kó má dán an wò. Nọ́ńbà tó bá jáde á kọ́ wọn ní irọ́. Ìgò kì í ṣe ọ̀nà tó lè dá dúró, àmọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tuntun lè gbé e kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí ẹ̀kọ́ á fi dé ibi agbára àti ohun èlò.

Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé-ìwé girama, tí wọ́n ti mọ ìdínkù, ni NetLogo yẹ. Eré okùn sì wà fún ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá lórí bí ẹ̀dá ṣe so mọ́ra.

Kíláàsì tó kún dẹ́múdẹ́mú, tí ẹ ní ìṣẹ́jú 40 péré, tí ìdánwò sì ti sún mọ́lé: ẹ ṣe omi níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún péré, ìṣẹ́jú 15. Kí àwọn tó kù máa fa ọfà sínú ìwé wọn bí omi ṣe ń kọjá, kí wọ́n kọ mìlílítà sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fa ti ooru jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú tó kù dáhùn ìbéèrè nípa abọ́ kejì, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè máa ń pọ̀ sí jù.